Ìṣáwùrú Inú Aṣálẹ̀ àti Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Tí À Ń Fà

Bátìrì fóònù mi wú lóṣù tó kọjá débi pé ẹ̀yìn fóònù náà ò pa dé mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ọ̀nà Táíwò, ní Ìlọrin. Bó ṣe ń tú u ló ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tó wà nínú eléyìí ni wọ́n ń wà nílẹ̀ Kwara báyìí o. Lithium ni wọ́n ń pè é. Owó ńlá ni." Òótọ́ ló sọ. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti rí òkúta tó ní lithium nínú, pẹ̀lú Nasarawa, Kogi, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri láti mọ ohun tí wíwa lithium ń ṣe fún ilẹ̀ àti omi àwọn tó ti ń wà á ṣáájú wa. Ibi tí mo ti ń wá a ni mo ti bá ìṣáwùrú kan pàdé, tí kò tó hóró ọkà bàbà, tó ń gbé inú ṣẹ́lẹ̀rú láàárín aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ ti ti orí omi tí irú rẹ̀ ń gbé dé ilé-ẹjọ́, àríyànjiyàn náà ò sì tíì tán títí di òní.

Ìṣáwùrú ni mo pè é o, kì í ṣe ìgbín. Orí ilẹ̀ ni ìgbín tí à ń jẹ ti ń rìn, inú igbó àti abẹ́ ewé. Inú omi ni ìṣáwùrú ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mí nínú omi bí ẹja ṣe ń mí. Ẹni tó bá ṣe ọmọdé létí odò ti ṣa á rí, ó ti fi ìkarahun rẹ̀ ṣeré rí. Àmọ́ èyí tí à ń ṣà létí odò wa, àgbàlagbà ni lójú ti aṣálẹ̀. Mìlímítà 1 sí 5 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá kó ogún nínú wọn lé èékánná àtàǹpàkò yín, àyè á tún kù. Wọ́n ń ha nǹkan tútù tó máa ń mú kí òkúta inú omi yọ̀, òun ni oúnjẹ wọn. Nǹkan bí ọdún kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò láyé.

Ìdílé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pyrgulopsis ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nínú ìdílé yìí nìkan lé ní 120, kò sì sí ìdílé ìṣáwùrú mìíràn nínú omi tí kò níyọ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà tí ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ kan, Robert Hershler, ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàpèjúwe púpọ̀ nínú wọn, tó ń tẹjú mọ́ ohun tí ojú lásán ò lè rí dáadáa. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọ̀nyí, ṣẹ́lẹ̀rú kan ṣoṣo ni wọ́n ní lórí gbogbo ilẹ̀ ayé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n wà, wọn ò sí níbòmíràn.

Báwo ni ẹ̀dá inú omi ṣe dé aṣálẹ̀? Omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé ṣì tutù ju báyìí lọ, adágún ńláńlá wà káàkiri ibi tó di Nevada àti Utah lónìí. Nígbà tí ojú ọjọ́ yí padà, adágún gbẹ, odò gbẹ, ó wá ku ibi tí omi ti ń yọ láti abẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀dá omi tó bá wà níbẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, nítorí iyanrìn gbígbóná ló yí i ká. Ẹ wo bí ẹnu Ìgbómìnà ṣe yà sí ẹnu Ìlọrin, tí ti Ìlọrin tún yà sí ti Ìbọ̀lọ́ lọ́hùn-ún ní Ọ̀ffà. Àwa ṣì ń wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ara wa o, a ń fẹ́ ara wa, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wa yà. Ẹ wá rò ó wò bí ó bá ṣe pé a ò lè rí ara wa mọ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bí ìṣáwùrú ṣẹ́lẹ̀rú kọ̀ọ̀kan ṣe di ẹ̀yà ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Wọn kì í sì í fi gbogbo ojú omi ṣe ilé. Ẹnu ibi tí omi ti ń yọ gan-an ni wọ́n ń kóra jọ sí, níbi tí gbígbóná omi àti ohun tó pò mọ́ ọn kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. Bí omi bá ṣàn jìnnà díẹ̀, iye wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti kan tiwa nìyí. Àpáta ló wà lábẹ́ Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gúúsù Kwara. Omi tí à ń fà, inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta náà àti inú sísán àpáta ló máa ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni kan ní Tanke fi lè gbẹ́ kànga kí ó kan omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tiẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó má rí nǹkan kan. Bó bá di oṣù Kẹta, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú dé góńgó, kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ẹrẹ̀. Kí là ń ṣe? A ó pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga, wọn á tún wọlé, wọn á gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá lówó á fi kànga sílẹ̀, á gbẹ́ bóhóòlù.

Kànga lè tẹ̀lé omi lọ sísàlẹ̀. Ṣẹ́lẹ̀rú ò lè tẹ̀lé e. Ibi tí ojú omi abẹ́ ilẹ̀ àti ojú ilẹ̀ ti kan ara wọn ni ṣẹ́lẹ̀rú ti ń yọ. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ péré, bóyá ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ẹni tó ní ẹ̀rọ ò ní mọ̀ rárá, á ṣì máa pọn omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣẹ́lẹ̀rú ti gbẹ. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ìṣáwùrú yìí ò rí bẹ́ẹ̀: omi ti fà lọ sísàlẹ̀, ìṣáwùrú ò sì lẹ́sẹ̀ tí yóò fi tẹ̀lé e. Nítorí náà òun ló kọ́kọ́ ń kú, kí oko tó kú, kí ìlú tó kú. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá à ń fa omi ju bó ṣe ń wọlé lọ, ẹnu ṣẹ́lẹ̀rú ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo inú táǹkì wa.

Ìlú kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Texas tí wọ́n ń pè ní Fort Stockton. Orí ṣẹ́lẹ̀rú ńlá tí wọ́n ń pè ní Comanche Springs ni ìlú náà dá lé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń mu ún láti ayébáyé, lẹ́yìn náà àwọn àgbẹ̀ la ojú omi láti ibẹ̀ lọ sí oko wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tó ní ilẹ̀ lókè gbé ẹ̀rọ ńláńlá dé, wọ́n ń fa omi látabẹ́ ilẹ̀ tiwọn sí oko tiwọn. Ṣẹ́lẹ̀rú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn ń gbẹ gba ilé-ẹjọ́ lọ, ní 1954 ilé-ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́bi, nítorí òfin Texas ni pé omi tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ, bí o bá ti lè fà á sókè, tìrẹ ni, ohun tó wù kó ṣe aládùúgbò rẹ. Nígbà tó fi máa di 1961, Comanche Springs ti dákẹ́. Ẹja kékeré tó ń jẹ́ orúkọ ṣẹ́lẹ̀rú náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣẹ́lẹ̀rú mìíràn tó wà lágbègbè Balmorhea ló gba orí rẹ̀ là.

Nevada gba ọ̀nà mìíràn, ìdájọ́ kan ló sì fà á. Ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Devils Hole, omi gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé. Ẹja kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ń gbé inú rẹ̀, orí pèpéle òkúta kan tó súnmọ́ ojú omi nìkan ló sì ti lè yé ẹyin. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, oko ńlá kan tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, omi ihò náà ń lọ sílẹ̀, pèpéle náà ń jáde síta díẹ̀díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pe àwọn olóko lẹ́jọ́. Inú bí àwọn ará àdúgbò, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ mọ́tò wọn pé kí wọ́n pa ẹja náà. Ní 1976, gbogbo adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ìjọba ti ya omi tí ihò náà nílò sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tó ti sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ààbò ní 1952, àti pé ẹni tó ń fa omi lábẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fà á débi tí yóò ba ibẹ̀ jẹ́. Mo ka ìdájọ́ yẹn sí ńlá, nítorí ó gbà pé omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tèmi àti èyí tó ń yọ nínú ilẹ̀ tìrẹ, omi kan náà ni.

Ìtòsí ihò náà ni ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ash Meadows wà, tí ṣẹ́lẹ̀rú rẹ̀ pọ̀, tí oríṣiríṣi ìṣáwùrú tí kò sí níbòmíràn sì ń gbé inú wọn. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ sọ ibẹ̀ di ìlú tuntun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ilé àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú ètò wọn. Ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ilẹ̀ ra á lọ́wọ́ wọn, ní 1984 ó sì di ilẹ̀ ààbò ìjọba. Ìyẹn ò ní kí wọ́n sinmi. Ní 2023 ilé-iṣẹ́ kan tún fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bóyá lithium wà níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ, ìjọba sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ padà.

Ìlú Las Vegas náà, tí gbogbo ayé mọ̀ fún iná àti tẹ́tẹ́, bẹ̀rẹ̀ ètò ní 1989 láti fi páìpù tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 480 fa omi abẹ́ ilẹ̀ láti àwọn àfonífojì tó jìnnà wá. Àwọn darandaran, àwọn àgbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn tó ń jà fún ẹ̀dá inú omi para pọ̀ takò ó. Nínú ìjà náà ni ẹgbẹ́ kan ti kọ̀wé sí ìjọba ní 2009 pé kí wọ́n fi ẹ̀yà ìṣáwùrú ṣẹ́lẹ̀rú 42 sábẹ́ òfin 1973 tó ń dáàbò bo ẹ̀dá tó fẹ́ parun. Ọdún 2020 ni wọ́n tó pa ètò páìpù náà tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko.

Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni ti Thacker Pass, ní àríwá Nevada. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí lithium tó pọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìjọba fọwọ́ sí wíwa rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ìṣáwùrú kan tí wọ́n ń pè ní Kings River pyrg ń gbé inú ṣẹ́lẹ̀rú mẹ́tàlá lágbègbè náà, kò sì sí níbòmíràn. Ní 2022, ẹgbẹ́ Western Watersheds Project kọ̀wé pé kí ìjọba fi í sábẹ́ òfin. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni bóyá kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ àti omi tí wọ́n ń fà yóò mú kí omi àwọn ìsun náà lọ sílẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ nípa ibi ìwakùsà náà kò dá iṣẹ́ dúró. Owó tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ṣèlérí mílíọ̀nù 650 dọ́là fún Lithium Americas, ilé-iṣẹ́ tó ń wà á, ìjọba Amẹ́ríkà yá wọn ní bílíọ̀nù méjì dọ́là ó lé, ní 2025 ìjọba náà sì tún gba ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fúnni láṣẹ iṣẹ́ ti di ẹni tó ní ìpín nínú iṣẹ́. Ìyẹn ń kọ mí lóminú.

Mi ò ní sọ pé kí wọ́n má wa lithium. Ọkọ̀ tí kì í mu epo, bátìrì tó ń gba iná oòrùn pamọ́, a nílò wọn, èmi gan-an ní sólà lórí òrùlé. Àgbẹ̀ tó ń fa omi sí oko kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tó bá ti rí bí ewébẹ̀ ṣe ń gbẹ lóko ní oṣù Kejì mọ ohun tí omi jẹ́. Ohun tí mò ń bínú sí ni pé kí a máa fa omi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wọn bó ṣe kù tó.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ni. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ ti gbàgbé àtọ̀sí ajá ni? Ìṣáwùrú tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa tọ ẹ̀jẹ̀, òun lẹ fẹ́ máa gbèjà?" Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ó sì yẹ kí n dáhùn. Òótọ́ ni pé ìṣáwùrú wà nínú omi wa tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Bulinus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú rẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń dàgbà kó tó jáde sínú omi, tí yóò sì gba awọ ara wọ inú ọmọ tó ń wẹ̀. Omi tó dúró lójú kan, etí ìsédò, inú koríko, ibẹ̀ ló ń fẹ́. Ó yẹ kí a máa sá fún irú omi bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tó bá ti kó o sì lo oògùn praziquantel. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìṣáwùrú ni Bulinus, bí kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ń gbé ibà. Tinú aṣálẹ̀ yìí kì í gbé e. Ìṣáwùrú kan tó ti ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà lọ, Melanoides, gan-an ti wọ ṣẹ́lẹ̀rú wọn ní Texas àti Nevada, ó sì ti di ẹrù ìnira fún àwọn ìṣáwùrú onílé.

Abúlé ìyá ìyá mi wà nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ṣẹ́lẹ̀rú kan wà lẹ́yìn abúlé náà tí a kì í wọ bàtà débẹ̀, tí a kì í fi ìkòkò tó ti kan iná bu omi rẹ̀. Igbá nìkan. Mo rò nígbà náà pé èèwọ̀ lásán ni. Ìyá àgbà á ní kí n dúró títí iyanrìn ìsàlẹ̀ yóò fi padà balẹ̀, kí n tó bu omi. Nígbà tí iyanrìn bá balẹ̀, mo máa ń rí àwọn ìkarahun kéékèèké lára òkúta, dúdú, wọn ò tó orí ìṣáná. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn, ìṣáwùrú la kàn ń pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni bóhóòlù dé sí òkè abúlé, méjì, gbogbo wa sì dúpẹ́, nítorí ó gba àwọn obìnrin lọ́wọ́ ìrìn àárọ̀. Wọ́n tún gé igi tó wà lókè ṣẹ́lẹ̀rú. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣàn títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ nínú ọyẹ́ tó kọjá, ilẹ̀ tútù ló kù, òkúta gbẹ. Kò sí ìwé kankan tí mo lè ṣí láti mọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ tàbí ìwọ̀n tó fi rẹlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fi ọ̀pá wọn ọ́n rí.

Òfin kò wọ́n wa. Òfin omi ti 1993 fi omi abẹ́ ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí ẹni tó fẹ́ wa kùsà kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe fún ilẹ̀ àti omi wò, kí ó sì bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn. Àmọ́ bí wọ́n bá dé ìlú yín láti wa òkúta lithium, tí wọ́n sì bi yín pé ṣẹ́lẹ̀rú mélòó ni ẹ ní, níbo ni wọ́n wà, oṣù wo ni kálukú ń gbẹ, ẹ ó nílò ìdáhùn. Àwọn tó gba ilé-ẹjọ́ lọ ní Nevada ní ìdáhùn yẹn lọ́wọ́, nítorí ẹnì kan ti kúnlẹ̀ létí omi náà pẹ̀lú awò ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti 1975, àwọn tó ń kọ́ nípa ẹranko àti àwọn tó ń kọ́ nípa àpáta ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ọmọ ìlú yín kan bá wà níbẹ̀ tó ń wá ohun tí yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ mú un lọ sẹ́nu ṣẹ́lẹ̀rú yín.

Ní Texas kan náà, ṣẹ́lẹ̀rú mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Phantom Lake Spring, láti inú ihò àpáta ló ti ń yọ. Omi rẹ̀ ń dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi dákẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2000. Ìṣáwùrú kan wà nínú rẹ̀ tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mìlímítà 1 lọ. Ní 2013 ni ìjọba fi í sábẹ́ òfin. Kí wọ́n má bàa parun, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ẹnu ihò náà, òun ló ń fa omi tó kù nínú rẹ̀ jáde fún wọn. Iná ló ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ní 2008 ó dákú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, omi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán mọ́ wọn lórí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ní Òkè-Odò, iná ti lọ láti àárọ̀. Aládùúgbò mi tó ní bóhóòlù ti jáde síta lẹ́ẹ̀mẹta wá wo wáyà, nítorí omi ti tán nínú táǹkì rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ṣì kún nílé ìdáná tèmi. Ìṣáwùrú Phantom náà ń dúró de iná bíi tiwa, kò sì ní kẹ́ẹ̀gì kankan nílẹ̀.